Ọgọ́fà Lórí Ọgọ́rin: Apá Òsì Sístà Mabel

Sístà Mabel Bọ́lárìnwá, àgbà nọ́ọ̀sì, kú ní aago mẹ́wàá ààbọ̀ òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, lórí àpótí onígi tó máa ń jókòó lé. Apá òsì rẹ̀ wà lórí tábìlì. Rọ́bà tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru ṣì wé mọ́ apá náà. Akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì mọ́kànlá ló yí i ká, wọ́n ń fi í kọ́ṣẹ́. Ẹni tó kàn láti wọ̀n ọ́n ni ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Jennifer, ọmọ ogún ọdún. Jennifer ń fún pọ́ǹpù, makúrì ń gòkè nínú ẹ̀rọ, ló bá rí i pé apá tí òun dì mú ti dédé wúwo. Ó rò pé Sístà ń tòògbé ni.

Ìwé tí wọ́n ń kọ èsì sí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ náà. Mo ti rí ìwé yìí, ọwọ́ ara mi ni mo fi ṣí i. Ìlà tó gbẹ̀yìn, déètì ọjọ́ náà, orúkọ Jennifer, lẹ́yìn náà: ọgọ́fà lórí ọgọ́rin. Ẹ̀yin tí ẹ kò ṣiṣẹ́ ọsibítù, ẹ jẹ́ kí n là á yé yín. Bí wọ́n bá wọn ẹ̀jẹ̀ ríru ẹni tí ara rẹ̀ le koko, iye tí wọ́n máa ń retí nìyẹn. Gẹ́gẹ́ bí ìwé ti wí, obìnrin tó kú lójú ọmọ mọ́kànlá, kò sí nǹkan kan tó ṣe é.

Mo dúró de Jennifer níwájú géètì ilé ẹ̀kọ́ wọn. Mo bi í pé, "Ìgbà wo lo kọ ọgọ́fà lórí ọgọ́rin yẹn?"

Ọmọ náà ń wo ilẹ̀. "Kí n tó fún pọ́ǹpù ni, mà. Bí gbogbo wa ṣe máa ń ṣe é nìyẹn."

Ọdún mẹ́rin rèé tí mo ti ń kọ̀wé sójú ìwé ìròyìn yìí. Mo ti bú mínísítà, mo ti bú alága káńsù, wọ́n sì ti bú èmi náà padà dáadáa. Kò tíì sí ọ̀rọ̀ tó wọ̀ mí lákínyẹmí ara bí èyí tí ọmọ yẹn sọ níwájú géètì. Ìdí rẹ̀ ni pé mo mọ ohun tó ń sọ. Èmi náà wà lára "gbogbo wa" yẹn. Màá dé ibẹ̀, ẹ ní sùúrù fún mi.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ irú ẹni tó kú fún yín. Lọ́dún 1985, èmi náà wọ aṣọ aláwọ̀ sánmà àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì, ní ọsibítù kan tó wà láàárín Surulere àti Mushin. Lọ́yà ilé iṣẹ́ wa ní kí n má dárúkọ ọsibítù náà. Ó dáa, wọ́n mọ ara wọn. Mi ò parí ẹ̀kọ́ ọ̀hún, ọdún kejì ni mo kúrò. Ṣùgbọ́n ní gbogbo ìgbà tí mo fi wà níbẹ̀, Sístà Mabel ló dúró bí ìyá fún wa. Obìnrin kúkúrú ni, bàtà funfun rẹ̀ kì í ní àbàwọ́n. Ẹ̀yìn Ojúẹlẹ́gba ló ń gbé, ẹsẹ̀ ló sì fi ń rìn wá síbi iṣẹ́. Nínú àpò yúnífọ́ọ̀mù rẹ̀, bísíkíìtì wà níbẹ̀ nígbà gbogbo fún ọmọ tí ebi bá fẹ́ mú kó dákú. "Ìwọ, o ti jẹun? Má purọ́ fún mi o, ètè rẹ gbẹ."

Ọjọ́ tí aláìsàn àkọ́kọ́ kú mọ́ mi lọ́wọ́, ìyá àgbà kan láti Ògbómọ̀ṣọ́ tó máa ń pè mí ní ìyàwó rẹ̀, Sístà Mabel ló fà mí wọ yàrá tí wọ́n ń kó aṣọ bẹ́ẹ̀dì sí. Ó ti ilẹ̀kùn. Mo rò pé ó fẹ́ bá mi wí ni. "Sunkún tán kí o tó jáde," ló wí. "Bó o bá ṣe tán, fọ ojú rẹ, kí o wá bá mi tẹ́ bẹ́ẹ̀dì yẹn. Nọ́ọ̀sì tí kò bá lè sunkún, mi ò fẹ́ kó tọ́jú mi." Òun náà ń sunkún, ó kàn kọ ẹ̀yìn sí mi ni.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun gbogbo, òun ló ń kọ́ wa bí wọ́n ṣe ń wọn bípí, ìyẹn ẹ̀jẹ̀ ríru. Wàá fún pọ́ǹpù kí makúrì gòkè, wàá sì fi ẹ̀rọ etí gbọ́ iye tí ìró ẹ̀jẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ bí makúrì ti ń sọ̀ kalẹ̀. Ẹ̀rọ kan ṣoṣo ni ilé ẹ̀kọ́ ní. Wọ́n ní a ò gbọ́dọ̀ fi aláìsàn kọ́ṣẹ́, ohun tó dáa ni. Apá ta ni a ó wá lò? Sístà Mabel ká ọwọ́ aṣọ òsì rẹ̀ sókè, ó gbé apá lé tábìlì, ó ní, "Ẹ wá fi mí kọ́ṣẹ́." Lẹ́yìn náà, ó á kọjú sí fèrèsé. Mo bi í nígbà kan pé kí ló dé tí kì í wò wá. Ó ní, "Bí mo bá wò yín, ojú mi lẹ ó máa kà, ẹ ò ní fetí sílẹ̀. Ohun tí o bá gbọ́ ni kó o kọ. Ì báà ṣe kí ni, ohun tí o bá gbọ́."

Òfin ilé ẹ̀kọ́ sì ni pé kò gbọ́dọ̀ wo ìwé tí a ń kọ èsì sí, kó má baà gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni. Ní ọjọ́ Ẹtì, ìwé náà ń lọ tààrà sí ọ́fíìsì. Ọkùnrin kan wà níbẹ̀ tó ń fún wa ní máàkì, báírò pupa kì í kúrò létí rẹ̀. Ọ̀gá Máàkì là ń pè é lẹ́yìn. Òun ni olórí ilé ẹ̀kọ́ náà báyìí, ó ti sanra, ó ti ní awakọ̀. Ọ̀gá Máàkì kò wọn apá Sístà rí, kò tilẹ̀ wá sí yàrá ẹ̀kọ́ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Báwo ló ṣe wá mọ ìdáhùn tó tọ̀nà? Ó ti pinnu ẹ̀ nínú ọ́fíìsì tirẹ̀ ni. Sístà ń rìn, Sístà ń ṣiṣẹ́, Sístà ń rẹ́rìn-ín, nítorí náà ọgọ́fà lórí ọgọ́rin ni. Ẹni tó bá kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ gba mẹ́wàá nínú mẹ́wàá.

Nínú oṣù Kejì ọdún 1986, ọ̀rẹ́ mi Ṣìmí, tó ní etí tó mú jù lọ nínú kíláàsì wa, kọ igba lórí àádọ́fà. Ẹ̀yin ará, igba! Ẹni tí bípí rẹ̀ bá wà ní igba, kò yẹ kó dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ pé kó máa ti bẹ́ẹ̀dì kiri. Ní ọjọ́ Ajé, Ọ̀gá Máàkì pe Ṣìmí síwájú gbogbo wa, ó gbé ìwé náà sókè. Ó ti fi báírò pupa fa ìlà ọ̀hún já.

"Igba? Sístà tí mo rí láàárọ̀ yìí tó ń sáré kiri? Ìwọ Ṣìmí, ìdọ̀tí ló wà nínú etí rẹ, àbí o fẹ́ pa Sístà wa ni?"

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Bẹ́ẹ̀ ni, mo rẹ́rìn-ín. Wọ́n fún Ṣìmí ní òdo, wọ́n sì ní kó padà ṣe táàmù náà látìbẹ̀rẹ̀. Ó sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú. Sístà Mabel kò sí níbẹ̀, ó wà ní wọ́ọ̀dù. Kò sẹ́ni tó sọ ohun tí Ṣìmí kọ fún un. Ta ló fẹ́ lọ sọ fún un? Ta ló fẹ́ gba òdo?

Ní ọjọ́ kejì, ọjọ́ Ìṣẹ́gun, gbogbo wa pátá kọ ọgọ́fà lórí ọgọ́rin, a sì gba mẹ́wàá nínú mẹ́wàá. Àwọn tó wọlé lẹ́yìn wa bi wá léèrè pé kí ni wọ́n ń kọ, a sọ fún wọn. Àwọn náà sọ fún àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Bó ṣe dé ọwọ́ Jennifer lọ́dún mẹ́fà lẹ́yìn náà nìyẹn. Àwa la kọ́ ọ.

Ẹ ó bi mí pé kí ló gbé bípí obìnrin náà dé igba. Ẹ wá wo iṣẹ́ tó ń ṣe ná. Akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rìndínláàádọ́ta ló wà lábẹ́ òun nìkan, wọ́ọ̀dù méjì ló sì ń bójú tó pẹ̀lú wọn. Nígbà tí àwọn nọ́ọ̀sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó lọ sí Saudi lọ́wọ̀ọ̀wọ́, wọ́n kó iṣẹ́ àwọn tó lọ lé e lórí. Bí ọmọ kan bá ṣi oògùn fún aláìsàn, òun ni wọ́n ń pè. Bí ìbẹ̀rù bá mú ọmọ kan tó fẹ́ sá nílé ẹ̀kọ́, òun ló ń lọ bá a nílé ní Mushin. Ta ni òun náà ń bá sọ tirẹ̀? Ta ló bi í rí pé, Sístà, báwo ni orí fífọ́ yẹn? Nítorí orí máa ń fọ́ ọ, gbogbo wa mọ̀. Ó máa ń fi ìgò omi tútù ti ọrùn, ó á ní, "Ariwo yín ni o, ẹ̀yin ọmọ yìí." A tún máa ń rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ló kọ̀wé pé kí wọ́n jẹ́ kí òun lọ sí kọ́ọ̀sì àwọn tó ń kọ́ nọ́ọ̀sì níṣẹ́ ní Ìbàdàn, oṣù mẹ́sàn-án péré. Ó fẹ́ mọ̀ sí i, ó sì fẹ́ sinmi. Ìdáhùn kan náà ni wọ́n fún un lẹ́ẹ̀mẹtẹ̀ẹ̀ta: bó o bá lọ, ta ni yóò dúró ti àwọn ọmọ? Ó dára bẹ́ẹ̀. Nínú àwọn ọmọ tó kọ́, mọ́kànlá ni wọ́n ti fi ránṣẹ́ sí kọ́ọ̀sì yẹn kan náà. Wọ́n lọ, wọ́n dé, wọ́n dọ̀gá, wọ́n ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá ní kọ́rídọ̀, wọ́n ń kí i, "Ẹ kú iṣẹ́, Sístà." Ìyà iṣẹ́ tó mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa ló jẹ. Ká ní ó jẹ́ olùkọ́ tí kò wúlò ni, ì bá ti lọ sí Ìbàdàn tipẹ́.

Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn ìsìnkú, Kíkẹ́lọmọ, ọmọ bíbí kan ṣoṣo tí Sístà Mabel ní, wá bá mi ní ọ́fíìsì. Aṣọ ló ń tà ní Tejúoṣó. Ó ní èmi ló wá sí òun lọ́kàn, torí pé ìyá òun máa ń gé gbogbo ohun tí mo bá kọ nínú ìwé ìròyìn, ó á tò wọ́n sínú àpótí, ó á máa fi han àwọn ará ilé: "Ọmọ mi ló kọ èyí. Èmi ni mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì." Mo rẹ́rìn-ín nígbà tó sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rín yẹn kò pẹ́ lẹ́nu mi.

Ó kó nǹkan jáde nínú báàgì. Àkọ́kọ́ ni ìwé èsì àwọn akẹ́kọ̀ọ́, tí ẹnìkan kó mọ́ kádígàànì ìyá rẹ̀ nígbà tí wọ́n ń palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́. Èkejì ni lẹ́tà láti ọsibítù. Wọ́n bá a kẹ́dùn ní ìlà kan. Ìlà tó kù ni wọ́n fi ń wẹ ara wọn mọ́: pé ọdọọdún ni wọ́n ń yẹ ara ìyá rẹ̀ wò, pé ara rẹ̀ le, pé bí àìsàn bá wà lára rẹ̀, òun ló fi pamọ́ fún wọn. Ẹ gbọ́ o! Òkú ló jẹ̀bi. Wọ́n wá so fọ́ọ̀mù àyẹ̀wò ọdún mẹ́ta mọ́ lẹ́tà náà láti fi gbè é lẹ́sẹ̀.

Mo ka àwọn fọ́ọ̀mù ọ̀hún. Bípí: ọgọ́fà lórí ọgọ́rin. Bípí: ọgọ́fà lórí ọgọ́rin. Bípí: ọgọ́fà lórí ọgọ́rin. Níbi tó yẹ kí dókítà buwọ́ lù, wọ́n fi táípù tẹ̀ ẹ́ pé: "A mú un láti inú ìwé àwọn akẹ́kọ̀ọ́." Lábẹ́ rẹ̀ ni Ọ̀gá Máàkì fọwọ́ sí, pẹ̀lú báírò pupa rẹ̀. Ojú tilẹ̀ kò tì wọ́n. Wọ́n fi ọwọ́ ara wọn fi í ránṣẹ́ sí ọmọ olóògbé! Dókítà tó ń yẹ àwọn òṣìṣẹ́ wò kò ráyè rí i fún ọdún mẹ́ta, irọ́ tí wọ́n fi òdo kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké láti pa ni wọ́n dà kọ sínú fáìlì. Nígbà tí Sístà kọ̀wé lọ́dún tó kọjá pé orí ń fọ́ òun, kí wọ́n fún òun ní ìsinmi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, fọ́ọ̀mù yìí ni wọ́n nà sí i lójú. Ara yín le, Sístà. Ẹ padà sí wọ́ọ̀dù.

Mo gbé ojú sókè. Kíkẹ́lọmọ ń nu ojú. Ó ní, "Àǹtí, mo bẹ̀ ẹ́ o. Mo bẹ ìyá mi pé kó lọ rí dókítà ní ibòmíràn. Ṣé ẹ mọ ohun tó sọ? Ó ní, 'Kíkẹ́, àwọn ọmọ mi ń wọ̀n ọ́n lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bó bá ga, ṣé wọn ò ní sọ fún mi ni?'"

Háà.

Tíì tí wọ́n gbé fún wa di tútù lórí tábìlì. Mo ní màá kọ nǹkan sí i, mo sìn ín dé àtẹ̀gùn. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ń fọ abọ́, bí mo bá ń dúró de ọkọ̀ ní Ìlúpéjú, ohùn yẹn ni mò ń gbọ́: ṣé wọn ò ní sọ fún mi ni? Kò bínú nígbà tó sọ ọ́. Ó dá a lójú ni. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ wa, ó mọ ohun tó kọ́ wa, ó sì gbà wá gbọ́. Mo sì ń gbọ́ ìró kejì náà, èyí tí mo gbọ́ lọ́dún 1986. Gbì, gbì, gbì, nínú etí mi, láti òkè pátápátá nínú ẹ̀rọ, níbi tí kò yẹ kí ìró kankan wà.

Kíkẹ́lọmọ, ọjọ́ tí o jókòó níwájú mi, ojú tì mí. Mo ń sọ ọ́ báyìí lójú gbogbo ayé. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ Ṣìmí, èmi ni mo kọ́kọ́ wọn ìyá rẹ. Igba lórí àádọ́fà ni mo gbọ́, ohun tí Ṣìmí gbọ́ gẹ́lẹ́. Mo tún fún pọ́ǹpù, mo tún gbọ́ igba. Ìyá rẹ ń wo fèrèsé. Ó ní, "O gbọ́ ọ dáadáa?" Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Sístà." Mo kọ ọgọ́fà lórí ọgọ́rin. Ó fún mi ní bísíkíìtì.

Ọmọ ogún ọdún ni mí nígbà náà, ẹ̀rù ń bà mí, òótọ́ ni. Mi ò fi ṣe àwáwí. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà tó jókòó sí ọ́fíìsì, kí ló ń bà wọ́n lẹ́rù? Ta ni yóò fún wọn ní òdo?

Wọ́n fún un ní ìwé ẹ̀yẹ lẹ́yìn ikú, ẹ má gbàgbé o. Wọ́n fi férémù sí i, wọ́n gbé e kọ́ sí kọ́rídọ̀: "Ẹni tí kò pa iṣẹ́ jẹ rí." Ẹ̀yin lẹ ò jẹ́ kó pa iṣẹ́ jẹ, ẹ tún wá ń yìn ín fún un! Ẹ yọ férémù yẹn kúrò níbẹ̀. Lẹ́tà tí ẹ kọ sí ọmọ rẹ̀, ẹ wá gbà á padà, kí ẹ sì kọ òmíràn tó sọ òótọ́. Kí dókítà tó yẹ kó yẹ̀ ẹ́ wò jáde wá, kó sọ fún wa ibi tó wà fún ọdún mẹ́ta. Kí ẹni tó fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wá síwájú ìgbìmọ̀ tí kì í ṣe òun ló yàn án, kó jókòó ti báírò pupa rẹ̀, kó ṣàlàyé. Kí wọ́n pe Ṣìmí, tó fi iṣẹ́ nọ́ọ̀sì sílẹ̀ nítorí òdo yẹn, tó sì ń ránṣọ báyìí ní Ijora, kí wọ́n tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀. Èmi náà màá wá. Ẹ bi mí léèrè, màá dáhùn.

Ṣùgbọ́n nǹkan kan wà tí kò lè dúró de ìgbìmọ̀ kankan. Kí Jennifer tó fi mí sílẹ̀ níwájú géètì, mo bi í pé ta ló ń kọ́ wọn ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun báyìí. Ó ní Sístà Hilda ni, ọ̀sẹ̀ kejì rèé. Àpótí kan náà, apá òsì. Wọ́n ti ra ìwé tuntun. Mo ní, kí lẹ kọ sínú rẹ̀? Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Mo mọ iye tí wọ́n kọ.

Òní ni ọjọ́ Ajé. Lọ́la, Sístà Hilda á ká ọwọ́ aṣọ rẹ̀ sókè, á kọjú sí fèrèsé, á dá a lójú pé bó bá ga, àwọn ọmọ òun á sọ fún òun. Ìwọ tó bá kàn láti kọ́kọ́ wọ̀n ọ́n, mi ò mọ orúkọ rẹ. Gbé báírò rẹ sílẹ̀ ná. Fún pọ́ǹpù, fetí sílẹ̀. Bó bá jẹ́ igba lo gbọ́, má dúró de ọjọ́ Ẹtì, má ro ti máàkì. Di apá yẹn mú ṣinṣin, kí o pariwo kí gbogbo wọ́ọ̀dù gbọ́.